Bí ẹ ṣe máa so BLAS àti LAPACK mọ́ pírógíráàmù yín lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ kọ̀ǹpáílà

BLAS àti LAPACK ni láíbírì tí kóòdù máa ń pè láti ṣe ìṣirò mátíríìsì. Iṣẹ́ tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú nìyí: kóòdù Fortran àtijọ́ kan wà, kọ̀ǹpáílà Intel lórí Windows ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n wá fẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí Ubuntu pẹ̀lú gfortran. Ẹ tẹ àṣẹ, gbogbo fáìlì kọjá, àfi ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí ni linker, tó ń so àwọn fáìlì pọ̀ di pírógíráàmù kan, fi igbe ta:

    undefined reference to `dgemm_'

Ọ̀kan lára iṣẹ́ BLAS ni `dgemm`. Ẹ fi `-lblas` kún un, igbe dá. Ẹ wá mú pírógíráàmù ṣiṣẹ́, ó kú lójijì pẹ̀lú `Segmentation fault`, tàbí kó parí wọ́ọ́rọ́wọ́ kó sì gbé èsì tí kò jọ ti tẹ́lẹ̀ jáde. Èyí tó parí wọ́ọ́rọ́wọ́ yẹn ló burú jù, torí ó lè ti wọ inú iṣẹ́ àṣekágbá ẹni kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ohun tó ń fà á ni pé orúkọ nìkan ni linker ń wò. Bí orúkọ bá ti dọ́gba, ó ti gbà. Kò ní bèèrè bóyá odidi nọ́ḿbà tí kóòdù yín ń fi ránṣẹ́ jẹ́ báìtì mẹ́rin tàbí mẹ́jọ. Kò ní bèèrè ọ̀nà tí fọ́ńkíṣọ̀n ń gbà dá èsì padà. Orí nǹkan wọ̀nyí gan-an ni kọ̀ǹpáílà kan àti èkejì kì í ti í fohùn ṣọ̀kan. Ẹ má gba pírógíráàmù gbọ́ nítorí pé ó so pọ̀. Ìdánwò tí ẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́. Ìdánwò náà wà ní ìgbésẹ̀ karùn-ún.

Ohun tí ẹ nílò

- Ubuntu 22.04 tàbí 24.04. Ẹni tó wà lórí Windows lè lo WSL, tó ń jẹ́ kí Linux ṣiṣẹ́ nínú Windows. Àṣẹ kan náà ni.
- Gbogbo kóòdù pírógíráàmù náà ní fáìlì `.f`, `.f90` tàbí `.c`. Fáìlì `.obj` àti `.lib` tí wọ́n gbé wá láti Windows kò wúlò níbí.
- Èsì kan tó dájú láti orí kọ̀ǹpáílà àtijọ́, ó kéré tán ìṣirò kékeré kan tí ẹ lè fi wé tuntun.
- Àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí (OpenBLAS ni ẹ̀dà BLAS tí a óò lò):

    sudo apt-get install build-essential gfortran libopenblas-dev

`nm`, `readelf` àti `ldd` yóò ti wà níbẹ̀ lẹ́yìn èyí, ẹ kò nílò láti wá wọn lọ́tọ̀.

Bí yàrá kọ̀ǹpútà tí ẹ ń lò ní Adó, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìkẹ́rẹ́ kò bá ní íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi dátà yín wa àwọn pákéèjì náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ fi fíláàṣì gbé wọn lọ:

    sudo apt-get install --download-only build-essential gfortran libopenblas-dev

Inú `/var/cache/apt/archives` ni wọn yóò wà. Ẹ kó gbogbo `.deb` náà, kí ẹ tẹ `sudo dpkg -i *.deb` lórí ẹ̀rọ tó wà ní yàrá. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà níbí ni pé `apt-get` kì í wa ohun tó bá ti wà lórí ẹ̀rọ tiyín tẹ́lẹ̀. Torí náà, ẹ wà wọ́n kí ẹ tó fi wọ́n sórí láptọ́ọ̀pù yín, kí ẹ sì rí i pé Ubuntu ẹ̀rọ méjèèjì jẹ́ ẹ̀dà kan náà.

1. Ẹ mọ kọ̀ǹpáílà tó kọ́ ohun kọ̀ọ̀kan

Ẹ kọ́kọ́ pa àjẹkù ti àtijọ́ rẹ́:

    find . \( -name '*.o' -o -name '*.mod' -o -name '*.a' \) -print

Ẹ wo ohun tó tò sílẹ̀ dáadáa. Bí kò bá sí fáìlì `.a` tí ẹ kò ní kóòdù rẹ̀ lọ́wọ́ nínú wọn, ẹ fi `-delete` rọ́pò `-print`. Fáìlì `.mod` ni kí ẹ ṣọ́ jù, nítorí kọ̀ǹpáílà kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà kọ ọ́. Bí gfortran bá bá ti Intel pàdé, yóò ní `is not a GNU Fortran module file`. Bó bá bá ti gfortran àtijọ́ pàdé, yóò ní ẹ̀dà GNU Fortran mìíràn ló ṣe é. Ojútùú kan náà ni fún méjèèjì: ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tún un kọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan fún yín ní láíbírì tí a ti kọ́ tán, ẹ wo ẹni tó kọ́ ọ:

    readelf -p .comment libtiwon.so
    ldd libtiwon.so | grep gfortran

Nọ́ḿbà ẹ̀yìn `libgfortran.so` ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. `.so.3` jẹ́ ti GCC (àkójọ kọ̀ǹpáílà tí gfortran wà nínú rẹ̀) tí kò kọjá 6, `.so.4` jẹ́ ti GCC 7, `.so.5` bẹ̀rẹ̀ láti GCC 8. Bí méjì nínú wọn bá pàdé nínú pírógíráàmù kan, ẹ má fi í ṣe iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀ǹpáìlì gbogbo fáìlì pẹ̀lú `-c`, kí ẹ má tíì so nǹkan kan pọ̀:

    gfortran -c -O2 -Wall *.f90

Láti GCC 10 ni gfortran ti ń kọ ohun tó máa ń gbà tẹ́lẹ̀: bí ẹ bá pe subroutine kan lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú irú nǹkan méjì tó yàtọ̀, yóò ní `Type mismatch between actual argument at (1) and actual argument at (2)`. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré fi `-fallow-argument-mismatch` pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ lè lò ó, ó ń sọ àṣìṣe di ìkìlọ̀ lásán, ṣùgbọ́n ẹ ka ìkìlọ̀ náà ná. Bí ohun tó ń sọ bá jẹ́ pé ibì kan fi REAL(4) (báìtì mẹ́rin) ránṣẹ́ síbi tí ibòmíràn ti fi REAL(8) (báìtì mẹ́jọ) ránṣẹ́, àrùn gidi nìyẹn, ó sì ti lè wà nínú kóòdù náà látọjọ́ pípẹ́.

Àyẹ̀wò: gbogbo fáìlì di `.o`, kò sí àṣìṣe, kò sì sí `.mod` tí ọjọ́ rẹ̀ ṣáájú òní.

2. Ẹ fi orúkọ wé orúkọ

Ẹ bèèrè ohun tí kóòdù yín ń wá àti ohun tí láíbírì ní:

    nm -u *.o | grep -i gemm
    nm -D /usr/lib/x86_64-linux-gnu/libopenblas.so | grep -i dgemm

Lẹ́tà `U` ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ ní apá kìn-ín-ní túmọ̀ sí pé ó ń wá a. `T` ní apá kejì túmọ̀ sí pé ó wà níbẹ̀. Èyí tí ẹ máa bá pàdé nìwọ̀nyí:

- `dgemm_`: gfortran, flang, àti kọ̀ǹpáílà Intel lórí Linux.
- `DGEMM`: kọ̀ǹpáílà Intel lórí Windows.
- `dgemm`, láìsí ìlà ìsàlẹ̀ (`_`) kankan nídìí: XL Fortran ti IBM, àfi tí ẹ bá fi `-qextname` kún un.

Kóòdù Fortran kò ní wàhálà púpọ̀ níbí, kọ̀ǹpáílà fúnra rẹ̀ ló ń fi ìlà náà sí i. Kóòdù C tó ń pe Fortran ni ọ̀rọ̀ kàn. Ẹni tó kọ ọ́ lórí Windows ti kọ `DGESV(...)` ní lẹ́tà ńlá káàkiri. Ẹ má ṣe lọ máa yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi èyí sínú header (fáìlì `.h`) kan:

    #if defined(FC_NLA)
    #define FC(k,n) n
    #elif defined(FC_LASAN)
    #define FC(k,n) k
    #else
    #define FC(k,n) k##_
    #endif

Kí ẹ wá máa pe `FC(dgesv,DGESV)(...)`. Bí kọ̀ǹpáílà bá tún yí padà lọ́jọ́ iwájú, `-DFC_NLA` nínú Makefile ti tó.

Ẹ má fi `-fno-underscoring` tán ìṣòro yìí. Ó ń yọ ìlà kúrò nídìí gbogbo orúkọ, pẹ̀lú àwọn tí OpenBLAS ti fi ìlà sí ní tirẹ̀, ẹ óò wá máa wá `dgemm` tí kò sí níbì kankan.

Ẹ ka ọ̀rọ̀ linker dáadáa bí kóòdù yín bá ní C++ nínú. Bí ó bá kọ `dgemm_` nìkan, láíbírì ni kò rí. Bí ó bá kọ `dgemm_(char*, char*, int*...)` pẹ̀lú àkámọ́ àti irú nǹkan inú rẹ̀, láíbírì lè wà níbẹ̀ o, `extern "C"` lẹ gbàgbé.

Àyẹ̀wò: orúkọ kọ̀ọ̀kan tó ní `U` tó jẹ́ ti BLAS tàbí LAPACK ní ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú `T`, lẹ́tà fún lẹ́tà.

3. Ẹ to àṣẹ ìsopọ̀ bó ṣe yẹ

    gfortran akoko.o isiro.o -lopenblas -o eto

Fáìlì `.o` ló ń ṣáájú, láíbírì ń tẹ̀ lé e. Lórí Ubuntu, bí ẹ bá kọ `gfortran -lopenblas akoko.o`, linker yóò dé ọ̀dọ̀ OpenBLAS nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì jù ú nù. `undefined reference` yóò padà, ẹ óò sì máa rò pé láíbírì ni kò sí. Nínú Makefile àtijọ́, `$(LIBS)` tó wà ṣáájú `$(OBJS)` ni kí ẹ wá.

Ẹ jẹ́ kí gfortran fúnra rẹ̀ ṣe ìsopọ̀, kódà bí `main` bá wà nínú C. Ó mọ `libgfortran` tó yẹ, kò sì ní jẹ́ kí ẹ máa fi ọwọ́ to ó. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lo `gcc`, ẹ fi `-lopenblas -lgfortran -lm` sí ìparí. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpáílà Fortran ti Intel lẹ fẹ́ fi so kóòdù tí `main` rẹ̀ wà nínú C, ẹ fi `-nofor-main` kún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ `main` yóò di méjì.

OpenBLAS ti ní LAPACK nínú ara rẹ̀. Kíkọ `-llapack -lblas -lopenblas` pọ̀ kì í ṣe àfikún agbára: ẹni tó bá ṣáájú ni yóò dáhùn. Lórí Ubuntu, `-lblas` gan-an jẹ́ oríta: ohun tí `update-alternatives` bá yàn ni yóò ṣiṣẹ́, ó sì lè jẹ́ BLAS ti Netlib, ẹ̀dà ìpìlẹ̀ tó tọ̀nà ṣùgbọ́n tó lọ́ra gidigidi. Ẹ wò ó báyìí:

    update-alternatives --display libblas.so.3-x86_64-linux-gnu

Fún àwọn tó ń lo CMake: ẹ kọ `-DBLA_VENDOR=OpenBLAS`, ṣùgbọ́n ẹ pa `CMakeCache.txt` rẹ́ ná. Láíbírì tó rí níjọ́sí ni yóò máa tọ́ka sí bí ẹ kò bá pa á rẹ́.

MKL (láíbírì ìṣirò ti Intel) tí kì í ṣe shared, ìyẹn tí fáìlì rẹ̀ jẹ́ `.a`, ní òfin tirẹ̀, nítorí àwọn láíbírì rẹ̀ mẹ́ta ń pe ara wọn sẹ́yìn sọ́wájú. Ẹ ní láti fi `-Wl,--start-group` àti `-Wl,--end-group` yí wọn ká.

Àyẹ̀wò:

    ldd eto | grep -Ei 'blas|lapack|mkl|gfortran|gomp|iomp'

Ó yẹ kí ẹ rí BLAS kan ṣoṣo àti `libgfortran` kan ṣoṣo. Bí ẹ bá rí `not found`, ẹ má tíì kọjá ìgbésẹ̀ yìí.

4. Ìwọ̀n odidi nọ́ḿbà

Ibí yìí ni èsì ti ń bàjẹ́ láìsí igbe. Láíbírì tí ó ń fi báìtì mẹ́rin ka odidi nọ́ḿbà ni wọ́n ń pè ní LP64. Èyí tó ń fi báìtì mẹ́jọ kà á ni ILP64. `libopenblas-dev` jẹ́ LP64. Ẹ wá wo Makefile àtijọ́: bí `-i8` tàbí `/4I8` bá wà níbẹ̀, tàbí tí ẹnìkan ti kọ `-fdefault-integer-8` rọ́pò rẹ̀, kóòdù yín ń fi mẹ́jọ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ka mẹ́rin.

Ohun tó jẹ́ kó léwu ni pé ó máa ń jọ pé ó ṣiṣẹ́. Lórí pírósẹ́sọ̀ Intel àti AMD, báìtì mẹ́rin tó kéré ló ń ṣáájú nínú mẹ́mórì, nítorí náà láíbírì yóò ka `n` (ìwọ̀n mátíríìsì) dáadáa, yóò yanjú àwọn equation yín, ìdáhùn yóò tọ̀nà. Ṣùgbọ́n `ipiv` (àtòkọ ìlà mátíríìsì tó pààrọ̀) tó kọ padà yóò rún mọ́ra, `info` (nọ́ḿbà tó ń sọ bóyá iṣẹ́ yọrí) yóò sì kún fún ìdọ̀tí. Bí ẹ bá wá fi `ipiv` yẹn fún subroutine tí kóòdù tiyín kọ, gbogbo rẹ̀ dàrú.

Tí ó bá jẹ́ òdìkejì, kóòdù ń fi mẹ́rin ránṣẹ́, láíbírì ń ka mẹ́jọ, ẹ óò sábà rí:

     On entry to DGEMM  parameter number  8 had an illegal value

nígbà tí `lda` (ìwọ̀n mátíríìsì A nínú mẹ́mórì) tí ẹ fi ránṣẹ́ kò ní àléébù kankan.

Èwo ni kí ẹ yàn? LP64, àfi tí ẹ bá ní ìdí gidi. Ẹ wo ìdí gidi kan: DSYEVD, tó ń wá eigenvalue àti eigenvector, nílò `lwork` (ìwọ̀n ààyè iṣẹ́) tó tó 1 + 6n + 2n². Nígbà tí n bá jẹ́ 32,767, iye yẹn ti kọjá 2,147,483,647 tó jẹ́ òpin báìtì mẹ́rin. Ṣùgbọ́n mátíríìsì náà nìkan yóò gba bíi 8.6 GB, ààyè iṣẹ́ yóò gba ju 17 GB lọ. Ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù 8 GB kò tíì ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú ILP64. Bí ẹ bá nílò rẹ̀ lóòótọ́, `libopenblas64-dev` ni pákéèjì rẹ̀, `-lopenblas64` ni ẹ óò sì fi so ó. Lórí àwọn Linux mìíràn orúkọ lè ní `64_` nídìí, `nm` ni yóò sọ.

Àyẹ̀wò:

    grep -rnE 'default-integer-8|[-/]i8|4I8' Makefile* CMakeLists.txt

Ẹ fẹ́ kó má rí nǹkan kan, tàbí kí gbogbo ohun tí ẹ so pọ̀ jẹ́ ILP64 láìku ẹyọ kan.

5. Ìdánwò tí ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀

Ẹ kọ èyí sínú `idanwo.f90`, kí ẹ fi àṣẹ àti flag kan náà tí ẹ fi kọ́ pírógíráàmù gidi kọ́ ọ. Bí flag bá yàtọ̀, kò dán nǹkan kan wò.

    program idanwo
      implicit none
      complex(8) :: x(1), y(1), z, zdotc
      real(4) :: s, sdot
      real(8) :: a(2,2), b(2)
      integer :: ipiv(2), info
      external :: zdotc, sdot, dgesv
      x(1) = (1d0, 2d0)
      y(1) = (3d0, 4d0)
      z = zdotc(1, x, 1, y, 1)
      s = sdot(3, [1.,2.,3.], 1, [4.,5.,6.], 1)
      a = reshape([2d0,4d0,1d0,3d0], [2,2])
      b = [5d0, 11d0]
      info = -999
      call dgesv(2, 1, a, 2, ipiv, b, 2, info)
      print *, z
      print *, s
      print *, b
      print *, ipiv, info
    end program

Ohun tó yẹ kó jáde: 11 àti -2, 32, 2 àti 1, lẹ́yìn náà 2, 2, 0.

Bí ó bá yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀.

*Ó kú kó tó tẹ nǹkan kan jáde.* `zdotc` ni. gfortran ń retí kí fọ́ńkíṣọ̀n complex dá èsì padà tààrà. Àṣà f2c (pírógíráàmù tó ń sọ Fortran di C) àti ti kọ̀ǹpáílà Fortran ti Intel ni pé kí olùpè fi àdírẹ́sì ibi tí èsì máa bọ́ sí ránṣẹ́ ṣáájú gbogbo nǹkan yòókù, ní ìkọ̀kọ̀. Bí méjèèjì bá pàdé, láíbírì yóò kọ èsì sórí nọ́ḿbà `1` tí ẹ fi ránṣẹ́, ibi tí a kò gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sí. Lọ́dọ̀ MKL, ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi ní `libmkl_intel_lp64` àti `libmkl_gf_lp64`: gfortran, ti `gf` ni tirẹ̀. Bí ẹ kò bá lè pààrọ̀ láíbírì, ẹ pààrọ̀ ìlà kóòdù: `dot_product(x,y)` ti Fortran fúnra rẹ̀ ń ṣe ohun tí `zdotc` ń ṣe, ó ń yí àmì apá kejì `x` padà kó tó sọ ọ́ di púpọ̀. Kóòdù C lè lo `cblas_zdotc_sub`.

*`s` jẹ́ 0 dípò 32.* Láíbírì tó tẹ̀ lé àṣà f2c ni. Irú rẹ̀ ń dá REAL padà gẹ́gẹ́ bí double. Báìtì mẹ́rin ìsàlẹ̀ 32.0 nínú double jẹ́ òfo, òun ni kóòdù yín kà.

*`b` jẹ́ -14.5 àti 8.5.* Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpáílà. Bí ẹ bá tún ìdánwò yìí kọ ní C ni ẹ óò rí i. Fortran ń to mátíríìsì bí ẹni tó ń ka ebè iṣu ní òòró oko: ó ka òòró kan tán kó tó bọ́ sí èkejì. C ń kà á ní ìbú. Ẹ yí bí ẹ ṣe to `a` padà, tàbí kí ẹ lo `LAPACKE_dgesv` pẹ̀lú `LAPACK_ROW_MAJOR`.

*`ipiv` bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8589934594, `info` jẹ́ -4294967296.* Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹrin. Nọ́ḿbà gbọọrọ yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí lásán: 2 méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, báìtì mẹ́rin-mẹ́rin, ni kóòdù yín kà pọ̀ sí nọ́ḿbà kan. Ẹ kíyèsí i pé `b` yóò ṣì tọ̀nà.

Ìdánwò yìí kò kan fífi ọ̀rọ̀ (character) bíi "N" ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ìyẹn náà ń pa kóòdù C. Nígbà tí C bá pe `dgemm_("N","T",...)`, Fortran tún ń retí gígùn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìparí, níbi tí a kò ti lè rí i. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn fi ń gbójú fò ó tí nǹkan kan kò ṣe. Láti GCC 8 ni irú nọ́ḿbà gígùn náà ti kúrò ní `int` tó di `size_t`, àwọn gfortran tuntun sì máa ń lo ààyè tí wọ́n gbà pé gígùn náà wà lórí stack. Bí ẹ kò bá fi nǹkan kan síbẹ̀, ohun tí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fi `(size_t)1, (size_t)1` parí ìpè náà, kí declaration rẹ̀ náà sì ní wọn. Bí kóòdù náà kì í bá ṣe tiyín láti tún ṣe, ẹ kọ̀ǹpáìlì LAPACK pẹ̀lú `-fno-optimize-sibling-calls`.

Àyẹ̀wò: ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde bó ṣe yẹ pẹ̀lú `-O0`, wọ́n sì jáde bákan náà pẹ̀lú `-O2`. Ẹ má yọ ọ̀kankan sílẹ̀.

6. Àwọn thread

OpenMP ni ọ̀nà tí pírógíráàmù fi ń pín iṣẹ́ sí thread, ìyẹn àwọn iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ti GNU ń lo `libgomp`, ti Intel ń lo `libiomp5`, ti LLVM ń lo `libomp`. Bí `ldd` ìgbésẹ̀ kẹta bá fi méjì hàn, ẹ yọ ọ̀kan. `OMP: Error #15` ni Intel fi ń kéde rẹ̀, ó sì máa ń dárúkọ `KMP_DUPLICATE_LIB_OK=TRUE` bí ọ̀nà àbáyọ. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e gan-an kìlọ̀ pé èsì lè ṣìnà láìsọ̀rọ̀, ẹ gbà á gbọ́. Fún gfortran pẹ̀lú MKL, ìtò tó tọ́ ni:

    -Wl,--start-group -lmkl_gf_lp64 -lmkl_gnu_thread -lmkl_core -Wl,--end-group -lgomp -lpthread -lm -ldl

Bí kóòdù yín fúnra rẹ̀ bá ní `!$omp parallel`, ẹ fi `libopenblas-openmp-dev` rọ́pò ti pthread tí `libopenblas-dev` gbé wá, tàbí kí ẹ kọ `export OPENBLAS_NUM_THREADS=1`. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, thread mẹ́rin tiyín lè pe thread mẹ́rin tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ á wá lọ́ra ju ti ẹyọ kan lọ. Kódà láìsí OpenMP, bí iná bá ti lọ tó jẹ́ bátìrì lẹ ń lò, thread kan tàbí méjì bọ́gbọ́n mu.

Àyẹ̀wò: ẹ mú un ṣiṣẹ́ pẹ̀lú thread 1, lẹ́yìn náà 4. Ẹ má retí kí èsì bára mu títí dé nọ́ḿbà ìkẹyìn. Ètò ìṣirò àròpọ̀ ti yí padà. Ẹ wo bí ìdáhùn x ṣe yẹ̀ tó: ‖b − Ax‖ / (‖A‖ ‖x‖). Bó bá wà ní àyíká n (ìwọ̀n mátíríìsì) lọ́nà 2.2×10⁻¹⁶, ó dáa. Bó bá jẹ́ 10⁻⁶, ó ṣeé ṣe kí REAL(4) wà níbì kan tó yẹ kí REAL(8) wà.

7. Gbígbé e lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn

`Illegal instruction`: ẹ̀rọ tí ẹ fi kọ́ ọ jẹ́ tuntun ju èyí tí ẹ gbé e dé lọ. Ẹ yọ `-march=native` kúrò. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ́ OpenBLAS fúnra yín, ẹ tún un kọ́ pẹ̀lú `make DYNAMIC_ARCH=1`, tí yóò máa yan kóòdù tó bá pírósẹ́sọ̀ mu nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Kíkọ́ rẹ̀ ń pẹ́ gan-an, nítorí ó ń kọ́ ẹ̀dà fún pírósẹ́sọ̀ oríṣiríṣi. Bí iná bá já yín kulẹ̀ láàárín rẹ̀, `make` yóò bá a lọ níbi tó dúró, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wá `.o` tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ òdo, kí ẹ pa á rẹ́:

    find . -name '*.o' -size 0 -delete

``version `GLIBC_2.34' not found``: ẹ kọ́ ọ lórí Ubuntu tó tuntun ju ti ibẹ̀ lọ. Ubuntu 20.04 ní glibc (láíbírì C ti Linux) 2.31, 22.04 ní 2.35, 24.04 ní 2.39. Orí èyí tó pẹ́ jù nínú àwọn ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ lò ni kí ẹ ti kọ́ ọ. Láti àtijọ́ sí tuntun ń lọ, láti tuntun sí àtijọ́ kì í lọ.

`libgfortran.so.5: cannot open shared object file`: ẹ fi `-static-libgfortran` kún àṣẹ ìsopọ̀. Àṣìṣe náà lè ṣẹ́kù síbẹ̀ bó bá jẹ́ OpenBLAS ló ń pe libgfortran. Nígbà náà, ẹ kó OpenBLAS àti libgfortran sínú fódà `lib` lẹ́gbẹ̀ẹ́ pírógíráàmù, kí ẹ sì so ó báyìí:

    gfortran akoko.o isiro.o -lopenblas -Wl,--disable-new-dtags,-rpath,'$ORIGIN/lib' -o eto

Àmì ẹyọ `'` yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́: láìsí i, shell yóò gbé `$ORIGIN` jẹ. Nínú Makefile, `$$ORIGIN` ni. Ẹ lè nílò láti kó `libquadmath.so.0` mọ́ wọn; `ldd lib/libopenblas.so.0` ni kí ẹ fi wò ó.

Àyẹ̀wò, lórí ẹ̀rọ tí ẹ gbé e dé:

    readelf -d eto | grep -E 'NEEDED|RPATH'
    ldd eto
    ./idanwo

`RPATH` gbọ́dọ̀ fi `$ORIGIN/lib` hàn lódindi, `ldd` kò gbọ́dọ̀ ní `not found`, kí `idanwo` tí ẹ ti fi `-rpath` kan náà so sì tún tẹ 11, -2, 32, 2, 1, 2, 2, 0 jáde.